Gbàṣẹ àti Ojú Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Mi

Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tí kì í wọ yàrá ẹnikẹ́ni láìkan ilẹ̀kùn, kódà kí ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí ẹni tó wà nínú yàrá sì ti máa wò ó lójú. Yóò dúró síta, yóò kan férémù, yóò ní, "Ẹ fún mi láṣẹ o." Bí ẹ bá ní kó máa bọ̀, á wọlé. Bí ẹ ò bá dáhùn, ibẹ̀ ló máa dúró sí bí òpó. Ohun tó sọ ọ́ di Gbàṣẹ lẹ́nu wa nìyẹn. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí Gbàṣẹ bá délé, ó ní láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ kó tó sín. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin kì í tọrọ tiyín ni? Abájọ tí ìyàwó yín fi máa ń le mọ́ yín."

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo fẹ́ sọ irú ẹni tó jẹ́ kí àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tó gbàgbé, nítorí èèyàn tí kì í pariwo, kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn ayé.

Ilé ìwòsàn ni a ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni olórí àwọn tó ń fọṣọ níbẹ̀: aṣọ ibùsùn, aṣọ aláìsàn, aṣọ àwọn oníṣẹ́ abẹ. Yàrá wa wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi gbígbóná ti máa ń mú kí ògiri làágùn bí èèyàn. Tirẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, yàrá tí kò ní fèrèsé, tó tutù bí inú fíríìjì, nítorí àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń kùn níbẹ̀ tọ̀sántòru ò fẹ́ ooru. Súwẹ́tà aláwọ̀ eérú kan ló máa ń wọ̀ lọ́dún gbọọrọ. Bó bá fẹ́ wọ ọ̀dọ̀ wa, á bọ́ ọ. Bó bá ń padà lọ, á tún wọ̀ ọ́. Ìyá Alọṣọ, ọ̀rẹ́ mi tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ tí mo bá fọ̀, máa ń pariwo tẹ̀lé e pé, "Ọkùnrin yìí, ojú ọjọ́ méjì lẹ ń gbé láyé yìí o!"

Kì í ṣe abẹ́ àtẹ̀gùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣọ́ géètì ilé ìwé kan, inú ilé kótópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì yẹn ni wọ́n bí i sí. Ó sọ fún mi rí pé ohun tí òun kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni pé ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹni tó ń ṣí i tó sì ń tì í, òun ni wọ́n máa bi léèrè gbogbo ẹni tó wọlé àti gbogbo ẹni tí kò rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tó dàgbà, ó wá sí ilé ìwòsàn wa, ó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn láti yàrá kan sí èkejì. Ìrọ̀lẹ́ ló fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló dúró tì í gbágbágbá. Ó ní bí oorun bá ń kun òun nídìí ìwé, ẹ̀gbọ́n náà á ta omi sí òun lójú, á ní, "O fẹ́ ti kẹ̀kẹ́ títí tí ìwọ náà á fi di ẹni tí wọ́n ń tì?" Nígbà tó yá, wọ́n gbé e kúrò nídìí kẹ̀kẹ́, wọ́n fi í sídìí ẹ̀rọ. Síbẹ̀, bó bá rí i tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn há sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kọ́kọ́ bi ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ pé, "Ṣé mo lè tì yín?" kó tó fọwọ́ kàn án.

Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wà. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ irin o. Àṣẹ ni. Ẹni tó lè rí ìwé aláìsàn àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ rí i, ẹni tó lè bá gbogbo òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà àti ẹni tí ohùn rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀ka rẹ̀. Òun ló ń ṣí i, òun ló ń tì í.

Ó wá di ọdún kan, wọ́n fún gbogbo wa ní fóònù iṣẹ́. Inú fóònù náà ni ibi kan wà tí a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Gbàgede ni à ń pè é. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ aṣọ ibùsùn, kò ní sọ̀kalẹ̀ wá mọ́, á kọ ọ́ sí Gbàgede, èmi náà á sì fèsì níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé díẹ̀ tí mo kà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kálukú, àyè róbótó kan wà. Fọ́tò ló ń gbé ibẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó o bá sọ, fọ́tò yẹn á jókòó tì í bí ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀. Nígbà náà, ohun tó bá wù ọ́ lo máa fi síbẹ̀. Ẹni tó fi òdòdó síbẹ̀ wà. Ẹni tó fi ọkọ̀ tí kò tíì rà síbẹ̀ wà. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ fi àgbò kan síbẹ̀, àgbò rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń wo èèyàn tìkàtẹ̀gbin.

Èmi fi àkọ́bí mi síbẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú ìgbà tí fóònù dé ni ó kú. Ẹni tí mo ní kó sin mí, òun la sin. Káfíńtà ni. Àìsàn tó mú un ò pẹ́, ilé ìwòsàn mìíràn ni wọ́n sì gbé e lọ, kì í ṣe tiwa. Nígbà tí mo sáré dé ẹnu ọ̀nà yàrá tó wà, àwọn ẹbí ti wà níbẹ̀. Wọ́n dì mí mú lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní kí n má wò ó. Wọ́n ní ojú tí mo mọ̀ ni kí n máa rántí. Nígbà tí wọ́n fi máa tú mi sílẹ̀, wọ́n ti palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ náà ló ṣì ń dùn mí títí dòní.

Nínú fọ́tò tí mo fi sí Gbàgede, ó ń rẹ́rìn-ín. Pẹ́ńsù wà lẹ́yìn etí rẹ̀, èérún igi sì wà nírun rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé "Aṣọ ti gbẹ, ẹ rán ẹnì kan wá," ojú rẹ̀ ló máa bá a lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tuntun tí kò mọ̀ mí á dáhùn pé, "Ẹ ṣé o, Bọ̀ọ̀dá Ìfọṣọ." Mi ò já wọn ní koro. Ọ̀kan tiẹ̀ kọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rín yín dùn o. Ṣé ẹ ti níyàwó?" Mo dáhùn pé, "Mo ti lọ́kọ." Ọmọ náà ò fèsì fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ wá, tó rí mi pẹ̀lú irun funfun àti épúrọ́ọ̀nù, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, a sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín kọ́ ni gbogbo omi náà. Àwọn ará ilé mi ti ń yẹra fún ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń kí i lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ohun tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ baba arúgbó kan ṣẹlẹ̀. Méjì nínú àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan náà, àmì ẹgbẹ́ yẹn sì ni àwọn méjèèjì fi ṣe fọ́tò. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀kan pé kó lọ gbé baba náà lẹ́nu yàrá tí wọ́n ti ń yàwòrán egungun. Ó wo fọ́tò, kò wo orúkọ, ó fi í ránṣẹ́ sí ìkejì tó wà nílé lọ́jọ́ náà. Baba jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bó bá pe ẹni tó ń kọjá, ẹni náà á rò pé ó ń dúró de àyè rẹ̀ ni. Ó tọ̀ sára lójú àwọn èèyàn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin dé, ó bá a tó ń sunkún bí ọmọdé.

Àwọn àgbà ilé ìwòsàn ṣe ìpàdé. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ojú oníkálukú gan-an ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa láṣẹ láti yí i fúnra rẹ̀ mọ́. Gbàṣẹ ni kó ti ilẹ̀kùn yẹn.

Ibẹ̀ ni Gbàṣẹ ti ṣe àṣìṣe tí ẹlòmíràn ò lè ṣe láyé. Ẹlòmíràn ì bá kọ́kọ́ kó fọ́tò gidi jọ, kó fi gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ tán, kó tó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni tiwa. Wọ́n ní kó tì í, ó tì í. Ilẹ̀ mọ́, kálukú sì há mọ́ ohun tó wọ̀ sùn. Òdòdó ò lè bọ́ òdòdó, ọkọ̀ ò lè bọ́ ọkọ̀. Alágbò, bí a ṣe ń pè é láti ọjọ́ náà, lọ ń bẹ̀ ẹ́ lábẹ́ àtẹ̀gùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kí i pé, "Ẹ kú ẹrù ìwo o! Ṣé ẹ ti jẹ koríko?" Ọ̀gá tó ń darí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, obìnrin kan tí kì í fẹ́ àbùkù rárá, há mọ́ fọ́tò kan tí ọwọ́ ọkùnrin wà léjìká rẹ̀. Ọwọ́ nìkan ni o. Wọ́n ti gé ìyókù ọkùnrin náà kúrò. Ìyá Alọṣọ gbé fóònù sójú, ó ní, "Ta ló ni ọwọ́? Ẹ wò ó, ọwọ́ yìí mọ ibi tó ń lọ o."

Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ ní kí Gbàṣẹ tún un ṣe kíá. Ó ní fọ́tò gbogbo wa ṣáà wà nínú fáìlì, èyí tí a yà nígbà tí wọ́n gbà wá síṣẹ́. Kó fi ìyẹn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀rọ̀ tán.

Gbàṣẹ ní, "Wọ́n fún wa ní ìyẹn fún ìwé iṣẹ́, Mà. Wọn ò fún wa fún èyí."

"Fọ́tò ni fọ́tò."

"Ilé ni ilé, Mà, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé àlejò ti wọ pálọ̀ ká ní kó máa wọ yàrá."

Kò yí padà. Ó wá ògiri funfun kan lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó gbé àga síbẹ̀, ó ń pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń gbálẹ̀, kálukú jókòó. Bó bá ti ya ẹnì kan tán, á yí fóònù sí i, á bi í pé, "Ṣé ojú tẹ́ ẹ fẹ́ kí ayé máa bá sọ̀rọ̀ nìyí?" Bí ẹni náà bá ní rárá, á tún un yà. Ọ̀pọ̀ ló ń kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kùn náà ni wọ́n máa ń ní kó tún un yà, wọ́n ní irun àwọn ò gún régé.

Èmi ò lọ. Mo ń wí fún ara mi pé iṣẹ́ pọ̀. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ sí mi pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá." Mi ò dáhùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, èmi nìkan ló kù.

Ó sọ̀kalẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí gìrìgìrì. Ẹnu ọ̀nà wa ò ní ilẹ̀kùn, rọ́bà ni wọ́n ta sí i. Ó wá ibi tó máa kàn tì, ó bá kan ògiri.

"Ẹ wọlé jàre!" ni Ìyá Alọṣọ wí. "Ògiri ti gbà fún yín."

Ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó gbé e kọ́ apá. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ̀yin lẹ kù o."

"Mo mọ̀."

"Gbogbo èèyàn ti ṣe tiwọn. Alágbò náà ti di ọmọ èèyàn."

Ìyá Alọṣọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, aṣọ ibùsùn tó wà lọ́wọ́ mi ni mò ń ká. Mo ní, "Ẹ fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ta ni fọ́tò yẹn pa lára? Ta ni ò mọ̀ pé èmi ni Màmá Ìfọṣọ?"

"Ẹni tó dé lánàá ò mọ̀, Mà."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo sọ aṣọ náà kalẹ̀. "Kí lẹ wá ń bi mí fún nígbà náà? Ṣebí ọwọ́ yín ni àṣẹ wà. Ẹ lọ tẹ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n kàn jí lọ́jọ́ kan kí n rí i pé ó ti lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ mú un lọ náà nìyẹn."

Ìyá Alọṣọ gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Gbàṣẹ sún mọ́ mi. Ó ní, "Ta ni ẹni tó wà nínú fọ́tò yẹn, Màmá?"

"Ọmọ mi ni."

"Níbo ló wà?"

"Kò sí mọ́."

Mo bá sọ ọ́ fún un níbẹ̀, lórí ariwo ẹ̀rọ: ẹnu ọ̀nà yẹn, àwọn tó dì mí lápá, bí wọ́n ṣe palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tí mi ò rí i. Mi ò tíì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò ní kí n gba kámú. Kò ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún.

Nígbà tó fi máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí fọ́tò yẹn bá yí, kì í ṣe ti òní nìkan ló máa yí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti sọ ní Gbàgede látọjọ́ tí a ti gba fóònù, ojú tuntun ló máa jókòó tì í. Ti àtẹ̀yìnwá náà á yí. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, mi ò lè dá a dúró."

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ àná á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé bí mo bá fẹ́ rí i, mo lè padà síbẹ̀ lọ wò ó. Ìyá Alọṣọ ti àpótí ìjókòó kan sí mi nídìí, mo jókòó.

"Kí lẹ wá sọ ìyẹn fún un sí?" ni Ìyá Alọṣọ wí. "Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i lẹ́yìn tó bá ti ṣẹlẹ̀ tán," ni Gbàṣẹ dáhùn. Ó wọ súwẹ́tà rẹ̀, ó lọ. Kò tẹ nǹkan kan.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ pe èmi àti Gbàṣẹ. Obìnrin náà kì í ṣe ìkà, kí n sọ òótọ́. Ó dìde fún mi, ó fún mi ní àga.

Ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó ti ọmọ baba yẹn lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Àgbà obìnrin bíi tèmi, ó ń fi gèlè rẹ̀ nu bàbá rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mo ṣèlérí fún un pé kò ní ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Bí mo bá fi ojú kan tí kì í ṣe ti oní-nǹkan sílẹ̀, ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí tòun ò fi lè dúró. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Màmá. Kí ni kí n sọ fún obìnrin yẹn?"

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo rí baba náà lórí àga. Bàbá ẹnì kan ni, bí tèmi ṣe jẹ́ ọmọ mi.

Ó yíjú sí Gbàṣẹ. "Ìwọ náà, o wá fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀. Bí ọ̀gá àgbà bá béèrè, ọrùn ta ni wọ́n máa gbé e kọ́? Fi èyí tó wà nínú fáìlì síbẹ̀ ká tó ṣíwọ́ lónìí. Bó ò bá lè ṣe é, gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó máa ṣe é."

"Mo lè tẹ̀ ẹ́, Mà. Ìka kan ni, kò le rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi í síbẹ̀ wà láàyè, ó jókòó síwájú wa. Ẹ jẹ́ ká bi í."

"Bi í kí ni? Ṣebí o ti bi í, ó ní òun ò ṣe!"

"Bóyá ó máa ṣe é ni mo bi í, Mà. Mi ò bi í bó ṣe fẹ́ kó rí."

Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ yíjú sí mi. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo wo ọwọ́ mi títí, kí n tó rí ohun tó wà nínú mi.

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́," ni mo wí. "Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Bó bá jẹ́ dandan ni kó kúrò, ọwọ́ mi ni kó ti kúrò. Kí ojú mi wà lára rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n a ti tì í, Màmá," ni Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ wí. "Kò sẹ́ni tó lè yí tirẹ̀ mọ́. Bó bá sì ṣí i, gbogbo wọn á tún kó ẹran wọn padà wá."

"Mo lè ṣí i fún ẹnì kan ṣoṣo, Mà," ni Gbàṣẹ wí. "Orúkọ Màmá nìkan. Bí wọ́n bá ṣe tán, màá tún tì í."

Obìnrin náà wo aago ara ògiri. Ó ní, "Kó má kọjá òní o."

Nígbà tí a jáde, mo di apá súwẹ́tà rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, bí mo bá débẹ̀ tí mi ò wá lè ṣe é ńkọ́?"

Ó ní, "Wọ́n á dá mi padà sídìí kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Mo ṣì mọ̀ ọ́n tì."

Ó ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò fẹ́ lọ jókòó sí ẹnu àtẹ̀gùn lójú gbogbo èrò. Ògiri tiwa sì ń làágùn. Ìyá Alọṣọ mú aṣọ ibùsùn funfun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó ṣì gbóná, ó pe obìnrin kan lára wa, wọ́n nà án sẹ́yìn mi. Gbàṣẹ gbé fóònù sókè.

"Rẹ́rìn-ín díẹ̀ kẹ̀," ni Ìyá Alọṣọ wí lẹ́yìn aṣọ. "O ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tì mọ́lé."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Gbàṣẹ wí. "Ojú tí wọ́n bá gbé wá la ó yà."

Ó yà á. Ó yí i sí mi. Mo rí obìnrin kan tí awọ ojú rẹ̀ ti rọ̀, tó ń wo iwájú tààrà. Ó bi mí ní ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo èèyàn, bóyá ojú tí mo fẹ́ kí ayé máa bá sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni."

Ó gun òkè lọ sí yàrá rẹ̀ lọ ṣí ohun tó tì. Nígbà tó padà, ó fi fóònù mi lé mi lọ́wọ́, ó fi ibi tí mo máa tẹ̀ hàn mí, ó sì sún sẹ́yìn. "Ó ti ṣí, Màmá. Ẹ̀yin nìkan ló ṣí fún."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Omi ti mú ìka mi hunjọ, fóònù ò mọ̀ ọ́n ní ìka èèyàn. Mo fi épúrọ́ọ̀nù nù ún, mo tún tẹ̀ ẹ́, kò gbà.

"Gbé e wá, jẹ́ kí n bá ẹ tẹ̀ ẹ́," ni Ìyá Alọṣọ wí, ó na ọwọ́.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Mi ò mọ̀ pé ohùn mi le tó bẹ́ẹ̀. Ó fà sẹ́yìn. Gbàṣẹ ò sún, kò na ọwọ́. Ó kàn sọ jẹ́jẹ́ pé, "Kò sí ohun tó ń lé yín, Màmá."

Mo tẹ ìka mọ́ aṣọ gbígbóná yẹn títí ó fi gbẹ. Mo wo ọmọ mi. Mo wo èérún igi tó wà nírun rẹ̀, mo wo eyín rẹ̀, mo wo ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jin díẹ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ nínú mi. Ohun tí mo sọ ò kan ìwé yìí. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo tẹ̀ ẹ́.

Àyè róbótó yẹn yí lẹ́ẹ̀kan, obìnrin inú fọ́tò náà sì jókòó síbẹ̀. Mo fi ìka fa ọ̀rọ̀ àtijọ́ sókè. Níbi tí mo ti ń jà pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ abẹ nítorí aṣọ tí wọ́n fi oògùn ojú egbò bà jẹ́, obìnrin náà ni. Níbi tí mo ti kí gbogbo wọn kú ọdún, òun náà ni. Mo ń fà á, mo ń fà á, títí mo fi dé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kọ síbẹ̀. Òun náà ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi ti kúrò ní gbogbo rẹ̀, ojú mi sì wà lára rẹ̀ nígbà tó ń lọ.

Ìgbà yẹn ni mo wá sunkún. Mi ò sun irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Ìyá Alọṣọ àti ìkejì rẹ̀ ò sọ aṣọ ibùsùn yẹn kalẹ̀, wọ́n nà án yí mi ká bí ògiri, kí ẹni tó bá ń kọjá má bàa rí mi. Gbàṣẹ dúró sẹ́yìn aṣọ náà. Ibẹ̀ ló wà títí ẹkún fi dá.

Ó wá ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀, Màmá?"

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí. Mo sọ orúkọ náà fún un, títí dé oríkì tí mo fi ń tù ú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó tẹ́tí sí i. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, kedere, bí ìgbà tí èèyàn bá pe ẹni tó wà nínú yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ló wọ súwẹ́tà rẹ̀, ó gun òkè lọ, ó lọ ti ilẹ̀kùn.